Ibi Tí Koríko Fi Àmì Sí

Agogo mọ́kànlá òru, Kílífíláǹdì.
Afẹ́fẹ́ adágún Írì ń ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn bí ẹni tí a jẹ ní gbèsè.
Àwọn olùwòran ti lọ. Wọ́n bú kọ́tábáàkì wa tán kí wọ́n tó lọ.
Mo da ẹ̀wù ìdíje sórí tábìlì, mo wá nọ́ńbà mẹ́rìnlá.

Iṣẹ́ mi ni kí n fọ̀ ọ́.
Ẹnikẹ́ni ò ní kí n kà á.
Ṣùgbọ́n ta ni yóò fọ aṣọ ẹni fún ọdún mẹ́ta
tí kò ní mọ bí olúwarẹ̀ ṣe ń ṣubú?

Lọ́dún àkọ́kọ́, ẹ̀yìn ni gbogbo koríko wà,
láti èjìká dé ìbàdí, ó tutù yọ̀yọ̀.
Ọmọ ọdún méjìlélógún,
ó di bọ́ọ̀lù mú bí ẹni di owó iléèwé mú nínú èrò,
ojú rẹ̀ ń wá ẹnìkan ṣoṣo,
àwọn òmìrán sì ń gba ọwọ́ òsì tí kò wò wọlé.
Wọ́n gbé e lulẹ̀. Ó dìde. Wọ́n tún gbé e.
Odidi ìgò ọṣẹ mẹ́ta ni mo lò sórí ẹ̀yìn yẹn.

Lọ́dún kejì, àbàwọ́n ṣí lọ sí èjìká òsì.
Ẹ gbọ́ mi dáadáa: èjìká òsì.
Ẹni tí wọ́n bá níbẹ̀ ti ń yíjú.
Ó ti ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn kí wọ́n tó dé,
kò kàn tíì mọ ibi tí yóò gbà ni.
Ọdún yẹn gan-an ni ìwé ìròyìn kọ ọ́ pé ó ti tán.
Wọ́n ka bọ́ọ̀lù tó bọ́ sọ́wọ́ alátakò: mọ́kàndínlógún.
N ò bá wọn jiyàn. Mọ́kàndínlógún ni.

Lálẹ́ òní a pàdánù, ó sì tún ju méjì sọ́wọ́ wọn.
Àmọ́ ẹ wá wo ẹ̀wù yìí lábẹ́ iná.
Ẹ̀yìn mọ́. Èjìká mọ́.
Orúnkún ṣòkòtò ló dọ̀tí, àti itan ọ̀tún:
ó ti ń mọ̀-ọ́n-mọ̀ yọ̀ lulẹ̀ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀,
bí ẹni tó mọ̀ pé ìkúnlẹ̀ kò ní kí èèyàn má ga mọ́.

Bàbá mi dá oko kókó ní Ìdànrè.
(Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí bọ́ọ̀lù yìí, kókó ni mo pè é, wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín.)
Bàbá kì í bẹ́ igi ọlọ́dún méjì.
Ó ní ó di ọdún kẹrin kí a tó bi í léèrè.
Ẹ má rò pé òwe ni mo fẹ́ pa.
Igi kan wà lẹ́bàá odò,
ewé rẹ̀ dára ju ti gbogbo oko lọ,
ọdún mẹ́sàn-án ni bàbá fi dúró dè é.
Kò so ẹyọ kan títí wọ́n fi sin ín.
Nítorí náà, n ò búra fún Keldric Mabry.

Ó yọjú, irun rẹ̀ ṣì tutù, wọ́n so yìnyín mọ́ ọn léjìká.
Láníyọnu lorúkọ mi; Lárì ló ń pè mí.
"Lárì, o rí i? Méjì."
Ó na ìka méjì bí ọmọ iléèwé tó gba òdo.
Mo fẹ́ sọ ti ẹ̀yìn fún un, ti èjìká, ti ọdún mẹ́ta.
Èdè tí mo fi mọ̀ ọ́n kò sí lẹ́nu mi.
Mo na ṣòkòtò sí i, mo fi ìka kan orúnkún.
"Eléyìí ò fẹ́ jáde," ni mo wí.
Ó wò ó. Ó wò mí. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wá mọ́tò rẹ̀ lọ.

Lọ́la, àwọn olówó yóò ṣí ìwé ìṣirò,
wọn yóò ní kó máa lọ, tàbí kó ṣì dúró.
Ẹ̀rọ ń yí. Omi ń di àwọ̀ ewé.
Mo yọ ṣòkòtò yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, n ò tíì fọ̀ ọ́,
bóyá ẹnìkan á bèèrè ẹ̀rí.